Ó Le Kú: Láti Inú Ìwé dé Ọ̀dọ̀ Télọ̀
Ní 1974 ni ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, jáde. Ní 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Aṣọ ni a fẹ́ tọ́ka sí. Ìró péńpé àti bùbá alápá gbòòrò inú fíìmù náà gba ìgboro kan, àwọn obìnrin sì ń ní kí télọ̀ rán 'ó le kú' fún àwọn. (Àwọn ìyá wa ti wọ̀ ọ́ rí.) Orúkọ ìwé wá di ọjà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ń ṣàpèjúwe aṣọ Àṣàkẹ́ nínú ìdánwò, kí olùyẹ̀wò wò ó bóyá inú ìwé ni ó ti rí i. Kámẹ́rà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èdè Ìṣọ̀lá ni àwa ń fún ní máàkì.