Fáàfù Kànga Ẹlẹ́rọ Tí Ń Jò: Àmì àti Àtúnṣe Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Nígbà tí sòbìà ṣì ń jà ní Ìdèrè àti Igbó-Ọrà, omi adágún ni àrùn náà ń bá wọ ara. Kànga tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́ sì ń lé ènìyàn padà sí adágún ni. Bẹ́ẹ̀ ìbàjẹ́ náà lè má ju ti fáàfù lọ.

Fáàfù méjì ni ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ ní: ọ̀kan wà lára písítìnì, èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi tí ó ti gòkè padà sínú kànga. Bí yanrìn bá há sí i, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ bá jẹ, omi yóò jò padà lóru. Ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ títí kí omi tó yọ. Lẹ́yìn náà ni yóò máa dà dáadáa. Oríkèé páìpù tí ń jò a máa fi irú àmì yìí hàn. Ṣùgbọ́n bí omi bá kéré látàárọ̀ dalẹ́, rọ́bà písítìnì ni ó sábà máa ń jẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fa páìpù jáde, kí a fọ yanrìn kúrò, kí a pààrọ̀ rọ́bà, kí a sì bu omi lé fáàfù wò kí ó tó padà sísàlẹ̀.

Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àìsàn mìíràn ṣì wà nínú omi adágún. Nítorí náà, ìlú tí ó ní kànga ní láti ní rọ́bà nípamọ́, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pààrọ̀.