Eyín Àtọwọ́dá Tí Ó Jókòó Lórí Irin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí eyín bá ti ká tán lẹ́nu àgbàlagbà, tí ó sì rí owó ra eyín àtọwọ́dá, ìyà ti tán. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ti òkè a máa dúró díẹ̀, nítorí pé ó tẹ́ mọ́ àjà ẹnu, itọ́ a sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀: ahọ́n ń tì í níhìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń tì í lọ́hùn-ún, eegun tí ó sì gbé e dúró ń joro lọ́dọọdún. Agbára tí ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń rún oúnjẹ kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ẹni tí ó ní eyín ara rẹ̀ lọ. Ẹran sísun, ẹ̀pà yíyan àti obì a di ohun àwòmọ́jú.

Ará Súwídìn kan, Per-Ingvar Brånemark, ni ó ṣí ọ̀nà àtúnṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó ń fi ehoro ṣe ìwádìí nípa eegun. Nígbà tí ó fẹ́ yọ irin táíténíọ̀mù tí ó fi sí eegun náà, irin kọ̀, kò yọ: eegun ti dì mọ́ ọn. Ní 1965, ní ìlú Gothenburg, ó fi irú irin bẹ́ẹ̀ sí àgbọ̀n ènìyàn.

Lónìí, oníṣègùn eyín lè lọ́ irin kékeré méjì sí iwájú eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí eegun bá ti dì wọ́n mú, eyín àtọwọ́dá yóò máa wọ̀ mọ́ wọn bí bọ́tìnnì ti ń wọ ojú ihò rẹ̀. Aláìsàn lè bọ́ ọ, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tún un fi sẹ́nu.

Ní 2002, àwọn ọ̀mọ̀ràn tí ó péjọ sí Yunifásítì McGill ní Montreal, ilẹ̀ Kánádà, fẹnu kò pé irú eyín orí irin méjì yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi lọ ẹni tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ká tán. Ohun pàtàkì kan tí wọ́n gbé yẹ̀ wò ni ẹ̀rí àwọn aláìsàn fúnra wọn. Èyí tọ́, nítorí ohun tí ó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Oníṣègùn lè wo eyín kí ó ní ó dára, nígbà tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò lè jẹun láàrin ẹgbẹ́.

Síbẹ̀, ìrọ̀rùn ẹnu nìkan kì í yí oúnjẹ padà. Ẹni tí ẹ̀kọ rírọ̀ ti mọ́ lára nílò ìmọ̀ràn kí ó tó padà sí ẹran àti èso. Irin náà sì ń fẹ́ ìtọ́jú: ìdọ̀tí, sìgá àti àtọ̀gbẹ tí a kò kápá lè ba eegun ìdí rẹ̀ jẹ́.

Ní Nàìjíríà, owó ni òkè ìṣòro. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe irin rẹpẹtẹ ni aláìsàn nílò kí ó tó rí ìtura. Méjì péré, ní ìsàlẹ̀, lè dá adùn oúnjẹ padà fún àgbàlagbà.