Bí Àyípadà Abẹ́lẹ̀ Ṣe Ń Pinnu Ihò Inú Àpáta Agbépo: Àpẹẹrẹ Ekofisk

1. Ìfáàrà

Epo rọ̀bì kì í dá bí adágún sábẹ́ ilẹ̀. Inú àwọn ihò tíntìntín tí ó wà lára àpáta ni ó máa ń wà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé iye ihò ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ ń wá lára àpáta agbépo. Ní ti àpáta kábọ́nétì, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì, iye ihò nìkan kò tó, nítorí pé omi lè yọ́ ohun tí ó di àpáta náà, kí ó sì tún un tò sí ibòmíràn. Àyípadà tí ó ń bá erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ omi láti ìgbà tí ó ti rọ̀ sílẹ̀ títí tí ó fi di àpáta, àti lẹ́yìn náà, kí ooru gíga tó sọ ọ́ di irú àpáta mìíràn, ni wọ́n ń pè ní dayajẹ́nẹ́sìsì. Àyípadà abẹ́lẹ̀ ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí ń lò fún un. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìtumọ̀ iye ihò kò lè kún bí ohun tí ó dá ihò náà sí kò bá hàn.

2. Ọ̀nà mẹ́ta tí àyípadà abẹ́lẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́

(i) Yíyọ́: omi òjò tí ó wọ ilẹ̀ ń yọ́ ìkarahun tí ó jẹ́ árágónáítì, ihò tí ó ní ìrísí ìkarahun náà a sì kù. Irú ihò bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ kí wọ́n má já sí ara wọn. Epo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde.

(ii) Dídí: ohun tí omi yọ́ ní ibì kan ń dì bíi kálísáítì ní ibòmíràn, ó sì ń dí àlàfo tí ó wà láàárín hóró.

(iii) Fífún pọ̀: ẹrù ilẹ̀ tí ó wà lókè ń tẹ àwọn hóró mọ́ ara wọn. Níbi tí hóró ti fi ara kan hóró, kálísáítì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń lọ dí ihò ìtòsí.

3. Ekofisk: ihò tí ó yẹ kí ó ti dí

Ní apá Òkun Àríwá tí ó jẹ́ ti Nọ́wè ni Ekofisk wà. Wọ́n rí epo níbẹ̀ ní 1969, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1971. Ṣọ́ọ̀kì ni àpáta rẹ̀, èyí tí í ṣe àkójọ àwo kálísáítì kéékèèké tí ó bọ́ lára ewé inú òkun tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ ni omi. Ní ìjìn nǹkan bí mítà 3,000, ó yẹ kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ihò yìí ti dí. Síbẹ̀, ní àwọn ìpele tí ó dára jù, ihò ṣì tó ìdá 30 sí 40 nínú 100.

Ohun méjì ni àwọn onímọ̀ tọ́ka sí. Èkíní, omi àti epo tí kò rí ibi sá lọ bá àwọn hóró gbé ẹrù ilẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ó wó lé wọn. Èkejì, epo tètè wọlé, ó sì lé omi sẹ́yìn. Láìsí omi tí ó pọ̀ tó, kálísáítì kò lè yọ́ kí ó tún dì. Àríyànjiyàn wà lórí bí agbára epo nínú ọ̀ràn yìí ti tó.

4. Ohun tí fífa epo tú sílẹ̀

Bí wọ́n ti ń fa epo, agbára tí ó ń bá hóró gbé ẹrù dín kù. Ẹrù já lé hóró tí kálísáítì kò so pọ̀ dáadáa, àwọn ihò sì wó. Ní 1984, ó hàn gbangba pé ìsàlẹ̀ òkun ti rì, tí àwọn ilé iṣẹ́ orí omi sì bá a lọ sílẹ̀. Ní 1987, wọ́n fi ẹ̀rọ gbé wọn sókè ní mítà 6. Ọdún kan náà ni wọ́n fẹ omi tí wọ́n ń tì wọ inú àpáta lójú. Ṣùgbọ́n omi òkun ń sọ ṣọ́ọ̀kì di aláìlágbára, nítorí náà rírì náà kò dáwọ́ dúró kíákíá. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá o: ihò tí ó ń wó ń fún epo jáde.

5. Ìgúnlẹ̀

Àpáta méjì lè ní iye ihò kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí kálísáítì ti so hóró rẹ̀ pọ̀, kí èkejì sì jẹ́ èyí tí epo àti omi gbé dúró. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ní Ekofisk, iṣẹ́ tí àyípadà abẹ́lẹ̀ kò rí àyè parí ní àádọ́ta mílíọ̀nù ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni fífa epo tún bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ó tọ́ kí ìtàn ihò di mímọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.