Ara Tí Ń Di Funfun: Kì Í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Ẹ̀tẹ̀

Bí ètè àti orí ìka obìnrin tí ń ta púpurú ní ọjà Òkìtìpupa bá bẹ̀rẹ̀ sí funfun, kò ní pẹ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò fi máa gba ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kọjá. Wọn kò ní sọ ohunkóhun fún un, ṣùgbọ́n “ẹ̀tẹ̀” ni wọn yóò máa sọ láàárín ara wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ojú àmì ẹ̀tẹ̀ kì í funfun bí ẹfun. Ńṣe ni àwọ̀ ibẹ̀ máa ń ṣí díẹ̀, bí aṣọ aláró tí ó ti gbó. Ẹ ní kí aláìsàn dijú, kí ẹ fi òwú rírọ̀ kàn án níbẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, nítorí ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀tẹ̀ láti 1995: oṣù 6 ni fún ẹni tí àmì rẹ̀ kò ju 5 lọ, oṣù 12 fún ẹni tí tirẹ̀ pọ̀.

Èyí tí ó funfun báláú, tí ó sì ń mọ ìfọwọ́kàn, sábà máa ń jẹ́ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní vitiligo. Àwọn ọmọ-ogun inú ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ni wọ́n yíjú padà pa ohun tí ń mú ara dúdú. Kì í ràn rárá, ì báà ṣe pé a jọ jẹun nínú àwo kan náà. Ẹ ra púpurú yín.

Kò tíì sí oògùn tí ń lé e lọ pátápátá. Síbẹ̀, ìpara tí dókítà bá kọ, àti ìtànṣán tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn ńlá, lè dá dúdú padà láàárín oṣù mélòó kan. Ojú ń tètè gbọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń ṣagídí. Ní 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìpara kan tí ń jẹ́ ruxolitinib fún ẹni ọdún 12 sókè, ṣùgbọ́n ó wọ́n púpọ̀. Gèlè tàbí fìlà, àti aṣọ alápá gígùn, kò wọ́n; oòrùn a máa jó ibi funfun náà gan-an.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ewé tí ń bó ara tàbí ìpara ìbóra sí i. Ibi tí ara bá ti bó ni funfun tuntun tún lè yọ sí. Michael Jackson, tí ayé ń bú pé ó ń bóra, sọ fún Oprah Winfrey ní 1993 pé àrùn ni. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ogo Maduewesi, tí vitiligo ń ṣe, wà lára àwọn tí ó dá ọjọ́ àrùn náà sílẹ̀ ní 2011, ní 25 Okúdù, ọjọ́ tí Michael Jackson kú.

Bí ó bá jẹ́ ojúgun nìkan ni ó ń funfun tó-tò-tó bí awọ ẹkùn, tí ara sì ń yún ẹni tí ń gbé létí odò, ìyẹn yàtọ̀. Kòkòrò dúdú kékeré tí ń jẹni létí omi tí ń ṣàn ló ń kó o ràn, ó sì lè fọ́ ojú. Oògùn rẹ̀ ni Mectizan. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é ti ń fi í tọrẹ.