Àgádágodo Orí Tẹlifóònù

Kí GSM tó dé lọ́dún 2001, àgádágodo kékeré ló ń ṣọ́ tẹlifóònù ní ọ́fíìsì púpọ̀. Ọ̀gá á fi í há ihò kan lára àwo tí wọ́n fi ń yí nọ́ńbà, á tì í, á ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹni tó kù lè gba ìpè, ṣùgbọ́n kò lè pe ẹnikẹ́ni. Owó NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, kì í ṣe owó ẹ̀pà.

Àwọn akọ̀wé náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ àwo yẹn kò ju pé kó máa já iná wáyà kó sì máa dá a padà: ẹ̀ẹ̀mẹta fún 3, ẹ̀ẹ̀mẹwàá fún òdo. Bọ́tìnì tí wọ́n ń gbé ọwọ́ tẹlifóònù lé lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn tó fẹ́ pe ará Minanata ní Sókótó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe 060, nọ́ńbà ìlú náà: ìgbà 26 ni á ta bọ́tìnì náà kó tó kan nọ́ńbà ẹni tó ń pè gan-an. Tí ìka bá ṣì í pẹ́nrẹ́n, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì ńlá, ènìyàn ni àgádágodo. Ọpurétọ̀ ló ń so ìpè pọ̀, ó mọ ta ló ń pe ta, etí rẹ̀ kì í sì í ṣàìgbọ́ nǹkan. Wọ́n ní ìfura sí ọpurétọ̀ ló bí ẹ̀rọ tó ń so ìpè fúnra rẹ̀: Almon Strowger, tó ń ṣètò òkú sísin ní Kansas City, gbà pé ọpurétọ̀ ń darí àwọn oníbàárà òun sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́dún 1891.

Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni àgádágodo náà wà. Ẹni tó ń to PABX, ẹ̀rọ tó ń so ìpè inú ọ́fíìsì pọ̀, ló ń pinnu pé fóònù ẹnu ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ pe ìta, pé ti akáǹtì lè pe GSM, pé ti ọ̀gá nìkan ló lè pe òkè òkun. Òun náà ló ń sọ pé kí wọ́n tẹ 9 kí wọ́n tó jáde síta.

9 yẹn ti dá ẹ̀mí láàmú rí. Ní December 2013, wọ́n pa Kari Hunt nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Marshall, Texas. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tẹ 911 lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò lọ, torí pé ẹ̀rọ ibẹ̀ ń retí 9 mìíràn ṣáájú. Lọ́dún 2018, Amẹ́ríkà ṣòfin tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin náà: nọ́ńbà pàjáwìrì gbọ́dọ̀ jáde tààrà. Ní Nàìjíríà, 112 ló yẹ kí ẹni tó ń to ẹ̀rọ kọ́kọ́ tẹ̀ wò.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tún lè gba ohùn sílẹ̀, ìyẹn sì tún le jù. Wákàtí kan ọ̀rọ̀ tí wọn kò fún pọ̀ kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 29 lọ, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé àyè kò gbà á. Ọpurétọ̀ lè gbàgbé ohun tó gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Fáìlì kì í gbàgbé. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ lórí tẹlifóònù, òfin ààbò détà sì tẹ̀ lé e ní 2023. Kí ẹ̀rọ sọ fún ẹni tó pè pé wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìlà kan péré ni nínú ètò rẹ̀. Ọjọ́ tí fáìlì náà yóò pa rẹ́, ìlà kan péré ni òun náà.