Ṣé omi púpọ̀ ló ń mú fèrèsé mọ́? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ọ̀pá ìfọfèrèsé olómi

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, àwọn ilé onígíláàsì ní Àbújá, Kánò àti Accra kì í pẹ́ yí àwọ̀ padà. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aginjù Sàhárà, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, á bo fèrèsé débi pé ẹni tó wà nínú ilé kò ní rí ìta dáadáa mọ́.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé wọ́n á pe ẹnìkan tó máa gun àkàsọ̀, pẹ̀lú garawa omi ọṣẹ àti àkísà lọ́wọ́. Bí ilé náà bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn ni wọ́n á fi sọ ọ́ rọ̀ láti orí òrùlé.

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà tí ẹni tó ń fọ fèrèsé kò fi ní fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni, búrọ́ọ̀ṣì wà ní orí rẹ̀, omi sì ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gòkè lọ bá búrọ́ọ̀ṣì náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá kọ́kọ́ mú irinṣẹ́ yìí lọ́wọ́ máa ń rò pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni gíláàsì yóò ṣe mọ́ tó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, owó ló ń ṣàn lọ. Bí ó bá sì kéré jù, ìdọ̀tí á gbẹ mọ́ gíláàsì, iṣẹ́ á di àtúnṣe. Mímọ ìwọ̀n omi tó yẹ ni iṣẹ́ gan-an.

Báwo ni ọ̀pá yìí ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ohun mẹ́rin ló so mọ́ra wọn: táǹkì omi, pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì fóòtì 12, rọ́bà, àti ọ̀pá tó ní búrọ́ọ̀ṣì lórí.

Àwọn kan máa ń gbé táǹkì wọn sínú ọkọ̀. Àwọn mìíràn máa ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn bíi báàgì, irú èyí tó ń gba nǹkan bíi lítà 20 sí 25.

Ọ̀pá náà máa ń gùn, ó sì máa ń kúrú, nítorí pé abala rẹ̀ kan ń wọ inú òmíràn. Fún ilé alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òṣìṣẹ́ lè dúró sílẹ̀ kó sì fọ fèrèsé òkè pátápátá.

Lára búrọ́ọ̀ṣì ni àwọn ihò kéékèèké wà tí omi ń gbà jáde. Àwọn kan ń tú omi jáde tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà, àwọn kan sì ń fẹ̀ ẹ́ bí abẹ̀bẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lò ó?

Ìdí àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí èèyàn. Ní Britain, níbi tí ọ̀pá yìí ti wọ́pọ̀ gan-an, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ má ṣe rán òṣìṣẹ́ lọ sí ibi gíga bí ọ̀nà mìíràn bá wà tó ṣeé gbà ṣe iṣẹ́ náà.

Òfin náà nídìí. Àjọ HSE, tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, sọ pé òṣìṣẹ́ 138 ló kú nínú ìjàm̀bá ibi iṣẹ́ láàárín oṣù Kẹrin ọdún 2023 sí oṣù Kẹta ọdún 2024. Àádọ́ta nínú wọn ló jábọ́ láti ibi gíga. Kò sí ohun mìíràn tó pa òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Ṣé 'pure water' ni wọ́n ń lò?

Omi tó mọ́ ni wọ́n ń lò, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá.

Omi inú ọ̀rá lè dára fún mímu síbẹ̀ kí iyọ̀ àti àwọn èròjà ilẹ̀ mìíràn tó ti yòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Ojú kò lè rí wọn. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá gbẹ lórí gíláàsì, àwọn èròjà yìí á ṣẹ́kù bí ààmì funfun. Irú ààmì yìí náà ló máa ń wà lára ọkọ̀ tí wọ́n fi omi kànga ìgbàlódé fọ̀ tí wọn kò sì nù.

Ọ̀pá olómi kò ní àkísà tí wọ́n fi ń nu gíláàsì gbẹ. Ńṣe ni wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, omi tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní í fi nǹkankan sílẹ̀.

Ohun èlò kékeré kan wà tí wọ́n ń tì bọ omi láti mọ iye èròjà tó yòrò sínú rẹ̀. Odo ni èyí tó dára jù. Bí òǹkà náà kò bá ju 10 lọ, omi náà ṣì ṣeé lò. Bí ó bá ti ń gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ààmì á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Kò ṣàjèjì kí òǹkà omi kànga ìgbàlódé ju 100 lọ.

Láti mú òǹkà yìí wálẹ̀, wọ́n máa ń ti omi gba inú asẹ́ tó le gan-an kọjá, lẹ́yìn náà wọ́n á gbà á kọjá nínú èròjà kan tó ń gbá ìyókù iyọ̀ mú. Asẹ́ yìí máa ń da omi nù. Fún lítà kan tó bá mọ́, lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi yẹn kò bàjẹ́, ó ṣeé fọ ilẹ̀ tàbí da sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Asẹ́ náà tún nílò ipá. Táǹkì tó wà lórí ìdúró mítà 6 nínú ọgbà kò lè fún un ní ipá tó, nítorí pé gíga mítà 10 ni yóò fún omi ní ipá bíi báà kan péré. Asẹ́ yìí sábà máa ń fẹ́ ju báà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Pọ́ǹpù ni yóò kún un lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ro owó omi tí wọ́n rà lọ́wọ́ mai ruwa tàbí ọkọ̀ agbómi mọ́ owó asẹ́, iná àti èyí tó ṣòfò, ẹ ó rí i pé omi inú ọ̀pá yìí wọ́n ju omi lásán lọ.

Lítà mélòó ló yẹ kó máa jáde?

Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, lítà kan sí méjì láàárín ìṣẹ́jú kan ló sábà máa ń tó.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ike omi lítà 1.5, irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri, kí ẹ gbé e sábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì wo aago fóònù. Bí ó bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan, lítà 1.5 ló ń jáde níṣẹ̀ẹ́jú kan. Bí ó bá kún láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, lítà 3 ni.

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí rèé:

• Báàgì lítà 25 á lo ìṣẹ́jú 25 bí lítà 1 bá ń jáde níṣẹ̀ẹ́jú kan, àmọ́ ìṣẹ́jú 10 péré ni yóò lò bí ó bá jẹ́ lítà 2.5.

• Táǹkì lítà 500 á lo wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 33 bí ó bá jẹ́ lítà 1.5. Bí ó bá jẹ́ lítà 3, kò ní í pé wákàtí mẹ́ta.

• Bí òṣìṣẹ́ bá fọ fèrèsé 40, tó sì ń fi ìdajì ìṣẹ́jú rìn láti ọ̀kan dé èkejì láì ti omi, nǹkan bíi lítà 30 ló dà sílẹ̀ lásán lórí lítà 1.5 níṣẹ̀ẹ́jú kan. Ó ju kẹ́ẹ̀gì mai ruwa kan lọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi táàpù kékeré sára rọ́bà nítòsí ọwọ́ òṣìṣẹ́, kó lè máa tì í bó bá ń kúrò níbì kan lọ sí òmíràn.

Kí ló máa ń mú kí omi dín kù lójijì?

Òṣìṣẹ́ lè wọn omi nílẹ̀ kó pé, kó gbé ọ̀pá sókè kí omi sì dín kù. Gíga ló fà á. Gbogbo mítà 10 tí omi bá gùn ń gba nǹkan bíi báà kan lára ipá tí pọ́ǹpù ní. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n nílẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ẹ ó fi díẹ̀ kún un fún àjà òkè.

Bí rọ́bà bá gùn tí ihò inú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, omi á máa ha a lára, yóò sì dín kù. Bí rọ́bà bá ṣẹ́ po lábẹ́ táyà ọkọ̀ tàbí ní igun ògiri, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀. Iyanrìn tàbí ewé inú táǹkì lè dí ihò búrọ́ọ̀ṣì. Bátìrì tó ń kú lọ náà á mú kí pọ́ǹpù rẹ̀wẹ̀sì.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi kún ipá pọ́ǹpù, ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà, ihò búrọ́ọ̀ṣì àti bátìrì.

Kí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n omi?

Ẹ̀rọ kékeré kan máa ń wà láàárín bátìrì àti pọ́ǹpù. Ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fi kún omi tàbí dín in kù, àti òǹkà lójú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tan iná pọ́ǹpù, ó sì ń pa á, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àkókò tí iná fi wà bá ṣe gùn sí ni pọ́ǹpù á ṣe yára sí. Òǹkà ojú rẹ̀ kì í ṣe lítà. Bí 40 bá tó lórí rọ́bà kúkúrú, ó lè má tó lórí rọ́bà gígùn. Ike omi àti aago ló ń sọ òótọ́.

Ó tún ní iṣẹ́ kejì. Bí òṣìṣẹ́ bá ti táàpù, omi kò ní ríbi gbà mọ́, ipá á sì máa pọ̀ nínú rọ́bà. Ẹ̀rọ náà á mọ̀ láti ara iná tí pọ́ǹpù ń fà pé ọ̀nà ti dí, á sì dá pọ́ǹpù dúró.

Bí wọn kò bá ṣètò rẹ̀ bó ṣe yẹ, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Ó lè máa dá pọ́ǹpù dúró nígbà tí ọ̀nà kò dí. Ó sì lè kọ̀ láti dá a dúró nígbà tó yẹ, kí rọ́bà já níbi ìsopọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ rọ́bà tàbí ọ̀pá ló yẹ kí wọ́n tún un ṣètò.

Ìgbà wo ló yẹ kí omi pọ̀, ìgbà wo ló yẹ kó kéré?

Eruku ọyẹ́ ní iyanrìn wẹ́wẹ́ nínú. Bí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, ó lè fa ìlà sára gíláàsì. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ rin ín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ férémù, pàápàá ti òkè, nítorí pé ìdọ̀tí tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ ni yóò máa kán sórí gíláàsì lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Bí wọ́n bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha gíláàsì, omi díẹ̀ ti tó, torí búrọ́ọ̀ṣì ló ń ṣiṣẹ́ ní àkókò yìí.

Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣan án ni omi yẹ kó pọ̀ díẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wọ́n á sì máa bọ̀ wálẹ̀ láì fo ibì kankan. Gíláàsì kan máa ń jẹ́ kí omi tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀; ìyẹn rọrùn láti ṣàn. Òmíràn máa ń jẹ́ kí omi pín sí ẹ̀kán ẹ̀kán. Ìyẹn fẹ́ sùúrù àti omi díẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn kò tíì dé ló dára jù láti kọ́kọ́ fọ̀. Lórí gíláàsì gbígbóná, omi ìdọ̀tí á gbẹ kí wọ́n tó ṣàn án.

Níbo ni kò ti yẹ kí wọ́n lò ó?

Fèrèsé lúfà, tó pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Nàìjíríà àti Ghana, kì í dé pinpin. Omi ọ̀pá á gba àárín rẹ̀ wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n àti ojú iná. Fèrèsé tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà lè jẹ́ kí omi wọlé bí ihò ìsàlẹ̀ férémù rẹ̀ bá ti dí. Níbi tí férémù kò bá ti dé dáadáa, àkísà àti ọwọ́ ṣì dára jù.

Ewu tó tóbi jù ni wáyà iná. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá wọ̀nyí ni wọ́n fi káábọ̀nù ṣe kó lè fúyẹ́, iná mànàmáná sì ń gba ara káábọ̀nù kọjá. Ọ̀pá tí wọ́n fi nǹkan mìíràn ṣe náà lè gbé iná bí ó bá tutù. Ní àdúgbò tí wáyà òpó iná ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ wo òkè kí ẹ tó na ọ̀pá, bí wáyà bá sì wà nítòsí, ẹ má nà án rárá.

Omi tó ń kán sílẹ̀ náà ń sọ ilẹ̀ di yíyọ̀. Ẹ fi ààmì síbẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀, kí ẹ sì ká rọ́bà kúrò lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

• Ẹ yẹ òǹkà omi wò. Bí ó bá ju 10 lọ, asẹ́ nílò àtúnṣe.

• Ẹ fi ike lítà 1.5 wọn omi tó ń jáde.

• Ẹ wo òkè bóyá wáyà iná wà, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n ti fèrèsé.

• Ẹ ti táàpù ní gbogbo ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá sí lára gíláàsì.

Ní ilé tí wọ́n ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, táàpù yẹn ló máa ń sọ bóyá iṣẹ́ á mówó wọlé tàbí á jẹ gbèsè.