Ọ̀gá Eré, Má Ṣe Ojúsàájú!

Àwọn ọmọ wa kan wà ní Atlanta yìí tí wọ́n máa ń yí tábìlì ká lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n ń ju dáìsì, tí ọ̀kan ń pe ara rẹ̀ ní jagunjagun, tí èkejì ní oṣó lòun. Dungeons & Dragons ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo, tí ẹnìkan fi ìbínú dìde, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ló sábà máa ń fà á. Òun la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe eré yìí, ó sì jáde ní 1974. Ẹnìkan ni ọ̀gá eré. Òun ló ń pa ìtàn, òun náà ló ń dájọ́. Àwọn yòókù á máa sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe. Àlọ́ ni, ẹ wò ó, àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ ọ ló ń pinnu ibi tí Ìjàpá yóò gbà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ White Wolf, tó ṣiṣẹ́ ní agbègbè Atlanta wa níbí, gbé Vampire: The Masquerade jáde ní 1991, Storyteller ni wọ́n pe ọ̀gá eré, ìyẹn apàlọ́. Dragon Con náà bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí ní 1987, àwọn eléré irú èyí sì máa ń pàdé níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ Labor Day.

Kí ló dé tí ìdájọ́ fi le níbẹ̀? Nínú ayò, ihò 12 ni, ọmọ ayò 48, gbogbo ojú ló ń rí i. Àmọ́ kò sí ìwé tó lè ka gbogbo ohun tí ọmọdé lè rò tán. Ká ní ọmọ kan sọ pé, “Mo fẹ́ fi okùn gun ògiri ààfin lóru.” Ọ̀gá eré á mú iye kan: 10 bí ó bá rọrùn, 15 bí ó bá wà láàárín, 20 bí ó bá le. Ọmọ náà á ju dáìsì olójú 20, á fi agbára akọni rẹ̀ kún un. Bí ó bá pé iye yẹn, ó gun ògiri náà nìyẹn. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ọwọ́ ẹni tó ń mú iye ni agbára wà?

Nítorí náà, ìwọ ọmọ wa tó jẹ́ ọ̀gá eré, gbọ́ o.

Kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Sọ iye náà síta kí wọ́n tó ju dáìsì. Bí o bá dúró di ìgbà tí dáìsì balẹ̀, wọ́n á ní torí ẹni tó jù ú lo ṣe mú iye yẹn, bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Bí o bá fún ọ̀rẹ́ rẹ ní 10 lónìí, má fún ọmọ àlejò ní 20 lórí ògiri kan náà lọ́la.

Bí o kò bá rí òfin náà nínú ìwé, má fi ìdajì wákàtí wá a. Dájọ́, kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn eré. Bí o bá ṣì í dá, sọ bẹ́ẹ̀, kí o tún un ṣe.

Ìwọ lò ń darí ọ̀tá inú ìtàn, àmọ́ ìwọ kọ́ ni ọ̀tá àwọn ọmọ tó jókòó.

Ọ̀kan ṣì kù tó jẹ́ ti ilé wa gan-an. Bí àbúrò bá jẹ́ ọ̀gá eré, ṣé ó lè sọ fún ẹ̀gbọ́n pé rárá? Ó lè sọ ọ́, kó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò pé.” Ẹ̀gbọ́n lè ṣàlàyé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kó gbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ti inú kíṣìnnì dá ẹjọ́ tí ẹ kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ìjà bá dé, ẹ là á. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ dáìsì, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ilé wa jìnnà síra wọn níbí. Ọmọ mìíràn lè máà rí ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ọmọ tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á ní òun kò lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ṣe ń já, tí èdè náà á sì bá a lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, nígbà tí ẹ bá tún jókòó, ẹ jẹ́ kí ipò ọ̀gá eré máa yí kiri. Ẹni tó bá ti dájọ́ rí ló máa ń mọ bí ìdájọ́ ṣe wúwo tó. Ire o!